Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Tí Abẹ́rẹ́ Fowó Rà

Abẹ́rẹ́ ni gbogbo wọn ń pè é níbi iṣẹ́, òun náà sì ń jẹ́ ẹ, torí kí ló tún fẹ́ ṣe? Aránṣọ ni, ó ga, ó rí tín-ín-rín, ọ̀rọ̀ parí. Ilé ìránṣọ tó ti ń ṣiṣẹ́ kò ju yàrá gbọọrọ kan lọ. Aṣọ àwọn ọmọ ilé ìwé àti ti àwọn nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń rán níbẹ̀. Àwọn máṣíìnì tò sí ìlà méjì, tábìlì tí wọ́n ti ń gé aṣọ wà láàárín, ẹni tó ń lọ aṣọ dúró sí kọ̀rọ̀ kan, ooru áyọ́ọ̀nù rẹ̀ sì ń fẹ́ sí gbogbo ẹni tó bá jókòó nítòsí. Mádáàmù tó ni ilé iṣẹ́ máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kó lè rí oníbàárà kí oníbàárà tó rí ẹlòmíràn. Abẹ́rẹ́ ló máa ń wọn àwọn tó bá wá rán aṣọ. Yóò na téèpù yí obìnrin tó lẹ́ran lára ká, yóò pe àyà, yóò pe ìbàdí, yóò pe ìdí, inú rẹ̀ yóò sì máa bi Ọlọ́run pé ibo ló gbé tòun sí.

Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí wọn ò bá tíì bi láàárín èrò pé ṣé oúnjẹ ò sí nílé ọkọ rẹ̀ ni, kò lè mọ bó ṣe ń rí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin kì í wá kí wọn kó má wò ó látòkèdélẹ̀. "Ìyàwó wa, àbí àbúrò mi ló ń jẹ tìẹ mọ́ tirẹ̀ ni?" Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín, Abẹ́rẹ́ náà á rẹ́rìn-ín, tó bá sì dé balùwẹ̀ á sunkún, á bọ́jú, á jáde. Ó ti rán fóòmù mọ́ inú síkẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀ rí, kó lè nídìí díẹ̀. Ọjọ́ tí fóòmù ọ̀tún yọ̀ wá síwájú láàárín ọjà, tí ọmọ kékeré kan ń nawọ́ sí i, ló gé gbogbo rẹ̀ dà nù. Ọkọ rẹ̀, tó ń tún wáyà iná ṣe nílé onílé, kò ráhùn rí. Bó ṣe rí gan-an ló ṣe fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹ wá sọ ìyẹn fún obìnrin tó ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun ò tó obìnrin.

Oníbàárà kan ló sọ fún un. Obìnrin náà wá kí wọ́n bá òun tú aṣọ sílẹ̀ torí pé ó ti fún un, Abẹ́rẹ́ sì bi í, bí ẹni tí ń ṣeré, pé kí ló rí jẹ. Ló bá fi ọwọ́ bo ẹnu, ó dárúkọ hóró oògùn kan sí i létí. Ó ní ṣọ́ọ̀bù olóògùn èyíkéyìí ló ti lè rí i rà, wọn kì í béèrè ìwé dókítà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ni, wọn ò béèrè nǹkan kan. Hóró náà kéré, funfun, bí ohun tí kò lè pa eṣinṣin lára. Abẹ́rẹ́ fi sínú agolo òwú rẹ̀, ó ń lò ó láàárọ̀, ó ń lò ó lálẹ́, kò sì sọ fún ọkọ, kò sọ fún ìyá tó bí i.

Ó ṣiṣẹ́. Ṣé kí n purọ́ ni? Ebi bẹ̀rẹ̀ sí í pa á bí ẹni tó ń bọ̀ lóko. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yọ, ọrùn kún, apá kún aṣọ. Àwọn tó ń bú u tẹ́lẹ̀ wá ń yìn ín. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ní, "Ẹn-ẹ́n, a ṣẹ̀ṣẹ̀ wá níyàwó!" Ohun tí kò yé Abẹ́rẹ́ ni ayọ̀ tó bá a wá. Ayọ̀ ńlá ni, ayọ̀ tí kò rójú jókòó. Ó ń rán aṣọ méjì nígbà tí àwọn yòókù ń rán ẹyọ kan. Ó ń kọrin, ó ń sọ̀rọ̀ lé ọ̀rọ̀, ó ń ya àwòrán irú aṣọ tí yóò máa rán bó bá ní ilé iṣẹ́ tirẹ̀. Oorun dá lójú rẹ̀, àárẹ̀ kò sì mú un. Ó rò pé bí gbogbo àwọn tó sanra ṣe ń gbádùn ayé nìyẹn, pé wọ́n kàn ń fi pa mọ́ fún àwọn tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni.

Kò pẹ́ tí ayọ̀ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ní eyín. Ohun kékeré ti ń bí i nínú. Ó jan sísọ́ọ̀sì mọ́ tábìlì torí pé ẹni tó ń lọ aṣọ pẹ́ kó tó dá a lóhùn. Ó pariwo mọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin nítorí bàtà kan ṣoṣo. Bí ẹni méjì bá ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, òun ni wọ́n ń sọ. Bí wọ́n bá dákẹ́, òun ni wọ́n dákẹ́ fún. Ọkọ rẹ̀ bi í pé, "Kí ló ń ṣe ẹ́ gan-an?" ó sì dá a lóhùn pé, "Ẹ fẹ́ kí n máa rù lọ ni àbí kí ni?" Ọkùnrin náà gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ìyá Oníbọ́tìnnì nìkan ló mọ̀. Àgbàlagbà obìnrin ni, opó, òun ló ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó ń fọwọ́ dá ojú bọ́tìnnì sára aṣọ. Mádáàmù ti ra ẹ̀rọ tó ń ṣe é, síbẹ̀ àwọn oníbàárà kan ò gba ti ẹ̀rọ. Ìgbà tí Abẹ́rẹ́ kọ́kọ́ dé ibẹ̀, tí kò mọ ọ̀nà kankan, Ìyá yìí ló ń tú ohun tó bá rán bàjẹ́ kí Mádáàmù tó rí i. Ó ń pè é lọ́mọ. Ọjọ́ tó wá òwú dúdú lọ sínú agolo Abẹ́rẹ́ ló rí hóró oògùn náà. Kò pariwo. Ó dúró títí àwọn yòókù fi jáde lọ jẹun.

"Ọmọ mi, mo mọ nǹkan yìí," ó ní. "Àbúrò mi lò ó. Jọ̀ọ́, lọ bá dókítà, kó bá ẹ dín in kù díẹ̀díẹ̀."

"Mo ti gbọ́, Mà."

"Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni."

Kò sì sọ. Òun náà kúkú ní àṣírí tó fi sọ́wọ́ Abẹ́rẹ́. Gbogbo ilé iṣẹ́ ló mọ̀ pé ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Ìyá bí wà lókè òkun, ó ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ dí, kì í lè pè. Irọ́ ni. Ọmọ náà wà nílé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ní ìpẹ̀kun ìlú, ibi tí ìyá rẹ̀ ti máa ń lọ wò ó ní ọjọ́ ìbẹ̀wò. Ọjọ́ iṣẹ́ ni ọjọ́ ìbẹ̀wò. Ẹnì kan ní láti máa bá a di ààyè rẹ̀ mú, kó sì sọ fún Mádáàmù pé ó lọ gba oògùn orúnkún. Abẹ́rẹ́ ni Ìyá bẹ̀. "Ìwọ nìkan ni mo sọ fún o," ó ní, ojú rẹ̀ sì ń wo ilẹ̀. Ó ti pẹ́ tí Abẹ́rẹ́ ti ń bá a ṣe é, kò sì já a kulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bẹ́, ọ̀sán ni. Nọ́ọ̀sì méjì wá gba aṣọ wọn, ìyá ọmọ ilé ìwé kan ń dúró de tirẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn nọ́ọ̀sì wo Abẹ́rẹ́, ó pàtẹ́wọ́. "Abẹ́rẹ́! Kí lò ń jẹ tó ń wọ̀ ẹ́ lára báyìí? Sọ fún wa, ká lè lọ ra tiwa!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ìyá Oníbọ́tìnnì wúkọ́.

Ikọ́ lásán ni. Èérún òwú ló bọ́ sí i lọ́nà ọ̀fun, ohun tó ń ṣe aránṣọ lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n létí Abẹ́rẹ́ ikọ́ náà kì í ṣe ikọ́. Ó gbọ́ ọ bí ti ẹni tó ń tún ohùn ṣe kó lè tú àṣírí òun. 

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wúkọ́ yẹn, kí lẹ fẹ́ sọ?"

"Èmi? Mi ò sọ nǹkan kan, ọmọ mi."

"Ẹ fẹ́ sọ ọ́! Ó ti dé yín lẹ́nu! Kẹ́ ẹ tó sọ tèmi, ẹ kọ́kọ́ sọ tiyín. Ẹ sọ fún wọn pé ọmọ tẹ́ ẹ ní ó wà lókè òkun, ilé àwọn alárùn ọpọlọ ló wà, nílùú yìí níbí! Ẹ sọ fún wọn pé orí ọmọ yín ti dàrú!"

Kò sí ẹni tó tún tẹ máṣíìnì. Ẹni tó ń lọ aṣọ gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí ẹ̀wù, òórùn aṣọ jíjó gba inú ilé. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tó máa ń jáde nígbà tí èèyàn ò mọ ohun tó yẹ kó ṣe, òmíràn sì tẹ̀ lé e. Ìyá Oníbọ́tìnnì fi abẹ́rẹ́ rẹ̀ gún ẹ̀gbẹ́ aṣọ tó ń ṣe lọ́wọ́ kó má baà sọnù, ó ká aṣọ náà, ó mú báàgì rẹ̀. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà ó kí Mádáàmù pé ó dàárọ̀, bí ẹni tí ilẹ̀ ti ṣú. Kò padà wá mọ́.

Èyí tó wá ń jó Abẹ́rẹ́ lọ́kàn jù lẹ́yìn náà ni pé inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ náà. Ó dùn mọ́ ọn dénú eegun bí ìgbà téèyàn borí ọ̀tá. Ó rán aṣọ títí ilẹ̀ fi ṣú, ó ń kọrin.

Ìtìjú dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tó rí àga Ìyá lófìfo. Ó dúró síwájú dígí ńlá tí àwọn oníbàárà fi ń wo aṣọ, ó rí ojú rẹ̀ tó rí roboto, tó ń dán, kò sì mọ ẹni tó ń wò. Ó lọ sílé ìyàgbẹ́, ó da gbogbo hóró oògùn náà síbẹ̀, ó fomi lé e. Ó rò pé òun ti fi ìyẹn tún nǹkan ṣe.

Ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Ó kọ́kọ́ rẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó rin ìrìn àjò. Lẹ́yìn náà kò lè dìde lórí ibùsùn kí òòyì má kọ́ ọ. Ó ń bì gbogbo oúnjẹ tó bá jẹ. Ayé sú u pátápátá, ó dojú kọ ògiri, ọmọ rẹ̀ á wá jókòó tì í, kò ní lè sọ ju "Lọ ṣeré" lọ. Nígbà mìíràn ó máa ń rò ó pé ó sàn kóun má jí mọ́, èrò náà kì í sì í bà á lẹ́rù, ohun tó yẹ kó bani lẹ́rù gan-an nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ ọ́. "Àbí ẹ ò rí i ni? Màmá yẹn ti ṣépè fún un. Omijé rẹ̀ ló ń jà." Ọ̀rọ̀ náà tàn dé ibi iṣẹ́, ó padà sílé, ó ti lérí, ó ti nídìí. Wọ́n ní ẹnì kan rí Ìyá Oníbọ́tìnnì tó dúró síwájú ilé wọn tó ń dá sọ̀rọ̀. Wọ́n ní bóyá òun náà ló ṣe ọmọ tirẹ̀ bẹ́ẹ̀. Abẹ́rẹ́ gbọ́ gbogbo rẹ̀ lórí ibùsùn. Ó mọ ohun tóun lò, ó mọ ohun tóun dà sílé ìyàgbẹ́. Bó bá la ẹnu, ọkọ yóò mọ̀ pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí gbogbo ìdílé ń yìn, nínú ike oògùn ló ti jáde. Ojú tì í. Ó pa ẹnu mọ́, ó sì jẹ́ kí wọ́n máa fi orúkọ arúgbó nu ilẹ̀.

Ọjọ́ tó dákú nílé ìdáná ni ọkọ rẹ̀ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Dókítà tó rí wọn, obìnrin ni, ó kéré lọ́jọ́ orí, ó wo ojú Abẹ́rẹ́ dáadáa, ó wo àwọn ìlà pupa tó wà ní ikùn rẹ̀.

"Ẹ dákun, Mà, oògùn wo lẹ ti ń lò?"

Ọkọ dúró lápá kan, ẹ̀gbọ́n ọkọ lápá kejì.

"Mi ò lo nǹkan kan. Oògùn orí fífọ́ nìkan."

"Ẹ rò ó dáadáa."

"Mi ò lo nǹkan kan, Dókítà."

Dókítà náà wò ó díẹ̀ sí i, ó ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó lọ sídìí ibùsùn mìíràn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ mirí. Ó ní ṣé wọ́n rí i pé kì í ṣe ohun tí dókítà lè rí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọkọ rẹ̀ jáde lọ ra omi, ó sì pẹ́ níta. Nígbà tó padà dé, iṣan ọrùn rẹ̀ le. "Ṣé o mọ ẹni tí mo bá lẹ́nu ọ̀nà? Ìyá Oníbọ́tìnnì! Ó gbé abọ́ ọbẹ̀ wá. Mo ní kó máa lọ. Mo ní bó bá tún gbẹ́sẹ̀ síbí, màá pe ọlọ́pàá fún un."

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Kí ló fẹ́ sọ? Ó ní kí n sọ fún ọ kó o sọ òótọ́ fún dókítà. Òótọ́ wo? Mo bi í, kò dáhùn. Ó ní ìwọ lo lọ̀rọ̀, òun ò ní bá ẹ sọ ọ́."

Abẹ́rẹ́ fi ọwọ́ bojú. Gbólóhùn kan péré ni arúgbó yẹn ìbá sọ lẹ́nu ọ̀nà, tí orúkọ rẹ̀ ìbá fi mọ́. Ìbá ní, "Oògùn amúnisanra ni ìyàwó rẹ ń lò," kó sì máa lọ sílé rẹ̀ tẹ̀rín tẹ̀yẹ. Wọ́n lé e bí ajá, síbẹ̀ kò tú àṣírí ẹni tó tú tirẹ̀. Irú ìtìjú tó mú Abẹ́rẹ́ nígbà náà, kò ní ibi tó lè sá sí nínú ara. Ó ní, "Ẹ bá mi pe dókítà. Ẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n yín, ẹ dúró. Ó yẹ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ."

Ó sọ ọ́. Ọkọ rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀.

Dókítà kò bú u. Ó fa àga, ó là á yé wọn. "Ẹran ara kékeré kan tí wọ́n ń pè ní ẹṣẹ́ jókòó lórí kíndìnrín kọ̀ọ̀kan. Òun ló ń ṣe họ́mónù, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń jí wa láàárọ̀, tó ń jẹ́ ká lè kojú wàhálà. Ọpọlọ náà ń gba àṣẹ lọ́dọ̀ rẹ̀. Tó bá pọ̀ jù, oorun lè dá, ayọ̀ tí kò nídìí lè dé, ìbínú lè dé, èèyàn lè máa fura sí gbogbo ayé. Kì í rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo èèyàn, àmọ́ ó ṣe é fún yín. Oògùn tẹ́ ẹ lò, bíi họ́mónù yẹn ló rí, ó tiẹ̀ le jù ú lọ. Nígbà tí ẹṣẹ́ yín rí i pé ẹlòmíràn ti ń bá òun ṣiṣẹ́, ó lọ sùn. Ẹ wá jáwọ́ nínú oògùn lójijì. Ti ìta ò sí mọ́, ti inú ò tíì jí. Ìyẹn ló gbé yín ṣánlẹ̀, ìyẹn náà ló jẹ́ kí ayé sú yín. A máa fún yín níwọ̀nba, a ó máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ títí ẹṣẹ́ yín á fi jí."

Ẹ̀gbọ́n ọkọ ti rọra jáde kí dókítà tó parí.

Ara Abẹ́rẹ́ yá. Ó rù padà díẹ̀díẹ̀, orí rẹ̀ sì wálẹ̀. Ọkọ rẹ̀ lọ dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Oníbọ́tìnnì. Mádáàmù ránṣẹ́ pe Ìyá kó padà sẹ́nu iṣẹ́, Ìyá dúpẹ́, ó ní òun ò lè tún jókòó níbi tí wọ́n ti fi ọmọ òun rẹ́rìn-ín. Àwọn ará ibi iṣẹ́ wá ń tu Abẹ́rẹ́ nínú. "Ìwọ kọ́, oògùn ni." "Họ́mónù ni, wọ́n ti ṣàlàyé ẹ̀ fún wa." Ẹ ò mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe dùn létí rẹ̀ tó. Ó ń fi sùn, ó ń fi jí. Òun kọ́. Oògùn ni. Ó fi kọ́ra títí ó fi dá a lójú, ló bá múra lọ sílé Ìyá lọ tọrọ àforíjì.

Yàrá kan ni Ìyá ń gbé. Bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù, àga méjì, aṣọ àwọn ará àdúgbò tó ń bá wọn tún ṣe wà nínú ike. Ojú bọ́tìnnì ló ń dá nígbà tí Abẹ́rẹ́ kúnlẹ̀. Abẹ́rẹ́ ṣàlàyé gbogbo rẹ̀: ẹṣẹ́, kíndìnrín, àṣẹ tí ọpọlọ ń gbà. Ó ṣàlàyé ju dókítà lọ. "Torí náà, Mà, èmi kọ́ gan-an ni. Oògùn ni."

Ìyá já òwú. "Oògùn náà, ṣé ó mọ ọmọ mi ni?"

Abẹ́rẹ́ ń wo òwú tó já.

"Mo béèrè ni o. Ta ló sọ fún oògùn pé ọmọ mi wà níbẹ̀?"

"Èmi ni mo mọ̀ ọ́n, Mà."

"Ẹn-ẹ́n." Ìyá gbé aṣọ sílẹ̀. "Oògùn lè tú ẹnu, mo gbà. Mi ò bá dókítà jiyàn. Ọmọ mi ti fọ́ dígí mọ́ mi lára rí. Ó ti pè mí ní ohun tí mi ò lè tún pè. Àìsàn ni, mo mọ̀. Àmọ́ tí ara rẹ̀ bá balẹ̀, kì í sọ pé àìsàn ni. Á ní, 'Mọ́mì, mo ṣe yín léṣe, ẹ má bínú.' Èmi ni mo máa ń sọ fún un pé àìsàn ni. Ẹnu èmi tó ṣe é sí ló ti yẹ kó jáde. Ìwọ wá gbà á mọ́ mi lẹ́nu."

Omi bọ́ lójú Abẹ́rẹ́. Ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. "Ṣé ẹ dárí jì mí, Mà?"

Ìyá tún gbé aṣọ rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀la ni ọjọ́ ìbẹ̀wò. Orúnkún ń yọ mí lẹ́nu, ẹrù mi sì wúwo. Wá bá mi gbé e."

Ilé ìwòsàn náà kò rí bí Abẹ́rẹ́ ṣe rò ó. Ọgbà ni, igi wà níbẹ̀, àwọn bẹ́ńṣì wà lábẹ́ igi. Nọ́ọ̀sì tó ṣílẹ̀kùn fún wọn wọ aṣọ tí ilé iṣẹ́ wọn rán, iṣẹ́ ọwọ́ Ìyá ló wà lójú bọ́tìnnì rẹ̀. Ọmọkùnrin Ìyá ń dúró dè wọ́n. Ọkùnrin tó ti dàgbà ni, ó fá irùngbọ̀n, ó sanra, ó ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń yan ọ̀rọ̀. Ó kí ìyá rẹ̀, ó wo Abẹ́rẹ́, ó bi í pé ṣé òun ni àǹtí ibi iṣẹ́.

"Òun ni," Ìyá ní. Ó mú ọsàn kan nínú ẹrù, ó ń bó o.

Ojú ọkùnrin náà là. "Mọ́mì máa ń sọ̀rọ̀ yín ṣáá. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ máa ń bá wọn di ààyè wọn mú tí wọ́n bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Wọ́n ní ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ pé mo wà níbí, ẹ ò sì sọ fún ẹnì kankan." Ó dìde díẹ̀ lórí bẹ́ńṣì, ó tẹrí ba. "Ẹ ṣé o. Ẹ ṣé gan-an ni."

Abẹ́rẹ́ yíjú sí Ìyá. Ìyá ń bó ọsàn rẹ̀, kò gbójú sókè. Kò gbà á sílẹ̀, kò sì tú àṣírí rẹ̀. Abẹ́rẹ́ rí i pé òun lè gba ọpẹ́ náà, kóun fi í sápò, kóun máa lọ sílé, kò sì sẹ́ni tó máa sọ̀rọ̀.

"Ẹ má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi," ó ní. "Mo ti sọ ọ́. Níwájú gbogbo wọn, pẹ̀lú ariwo."

Ó ń dúró kí ọkùnrin náà bi òun pé kí ló dé. Gbogbo ìdí ló ti tò sẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ò bi í. Ìyá rẹ̀ ló kọjú sí.

"Mọ́mì, báwo lẹ ṣe wá ń lọ síbi iṣẹ́ látìgbà náà?"

Ìyá na ọsàn sí i. "Jẹ ọsàn."

"Mọ́mì."

"Mi ò lọ mọ́."

Ó gba ọsàn náà, kò jẹ ẹ́. Ó gbé e sórí bẹ́ńṣì, ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. "Ẹ má bínú, Mọ́mì," ó ní. "Èmi ni mo fà á. Èmi ni mo bà á jẹ́ fún yín."

Abẹ́rẹ́ ò gbọ́ ohun tó dùn ún tó bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sórí koríko lójú gbogbo àwọn tó wá ṣe ìbẹ̀wò.

"Rárá o," ó ní. "Ẹ̀yin kọ́. Èmi ni."

Kò sì fi nǹkan kan kún un.